Yíyan Àwo Ìjánu fún Alùpùpù Tó Ti Pẹ́

 Létí ẹni tó bá gbọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn mẹkáníìkì. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè béèrè pé kí ló kan olùkọ́ èdè nínú irin àti òróró bíréèkì. Ìdáhùn mi ni pé púpọ̀ nínú àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí ọ̀ràn yìí, ẹnu ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lọ sí ọjà kò mọ orúkọ ohun tó fẹ́ rà; ẹni tó ń tà á kò bi í ní ìbéèrè tó yẹ; mẹkáníìkì sì so èyí tí wọ́n gbé fún un. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn alùpùpù kò mọ ohunkóhun nípa gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí tirẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fìdí orúkọ múlẹ̀. Yorùbá ti mọ ìjánu kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa. Irin tí a fi sí ẹṣin lẹ́nu, tí ẹni tó gùn ún fi ń dá a dúró, ni ìjánu. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí ìkóra-ẹni-níjàánu, ọ̀rọ̀ tí kì í jìnnà sí ẹnu olùkọ́ nígbàkígbà tí ariwo bá pọ̀ ní kíláàsì. Nígbà tí kẹ̀kẹ́, mọ́tò àti alùpùpù dé, a yá bíréèkì lò, ó sì ti di ti wa. Ẹ̀yà bíréèkì tí à ń sọ lónìí ni irin róbótó pẹlẹbẹ tí ó máa ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ alùpùpù, tí ó hàn síta, tí ihò wẹ́wẹ́ sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Dísìkì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Àwọn bàbá wa ti fún irú nǹkan róbótó pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ rí, nígbà tí wọ́n pe èyí tí a fi ń gbọ́ orin ní àwo orin. N kò rí ìdí tí a kò fi lè pe èyí náà ní àwo ìjánu, orúkọ tí n ó sì máa lò nìyẹn. Àwọn tó ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Irin ara alùpùpù kò yẹ kó le jù wá lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà, dísìkì ni kí ẹ wí, kí ẹ sì fi kún un pé ti bíréèkì iwájú ni, nítorí pé àwọn kan ń fi orúkọ kan náà pe àwo tó wà nínú kílọ́ọ̀ṣì. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n rán ní “lọ ra dísìkì wá” lásán lè gbé èyí tí a kò rán an bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ni ó ní àwo ìjánu. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé èrò ní Àkúrẹ́, láti Ọjà Ọba dé Ìjàpọ̀, tàbí ní ìlú Oǹdó láti Yàbá dé Sábó, dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ní. Àwọn ni a ń pè ní ọ̀kadà, orúkọ tí wọ́n yá lára ọkọ̀ òfúrufú Okada Air tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1983. Nínú bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù, ṣúù méjì tó tẹ̀ bí òṣùpá wà nínú agolo irin kan ní àárín ẹsẹ̀ alùpùpù. Bí a bá tẹ bíréèkì, àwọn ṣúù náà á yà sọ́tọ̀, wọ́n á sì ti agolo náà láti inú. Ó rọrùn láti ṣe, kò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé ooru kì í tètè jáde nínú rẹ̀, bí omi bá sì wọ inú rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ sùúrù.

Àwo ìjánu yàtọ̀. Ó wà níta, pádì méjì sì fún un mọ́ àárín láti ọ̀tún àti òsì, bí ẹni fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú etí àwo oúnjẹ. Ohun tó ń ti àwọn pádì náà ni kálípà, òróró tó gba inú okùn rọ́bà láti ọwọ́ awakọ̀ wá ni ó sì ń fún kálípà ní agbára. Ilé iṣẹ́ Honda ni ó kọ́kọ́ fi irú èyí sí iwájú alùpùpù tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà, nígbà tí wọ́n gbé CB750 jáde ní ọdún 1969. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti dé ara àwọn alùpùpù kéékèèké láti ilẹ̀ Japan. Àsìkò yẹn gan-an ni owó Údójì wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, tí alùpùpù sì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré lọ rà. Díẹ̀ nínú àwọn alùpùpù àtijọ́ wọ̀nyẹn ṣì wà láyé. Ẹ̀ńjìnnì wọn ṣì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwo ìjánu wọn ni ó ti jẹ tán.

Kí ni ó ń jẹ ẹ́? Bíréèkì kì í pa eré. Ṣe ni ó ń sọ eré di ooru. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó wà láàárín wa. Bí alùpùpù, awakọ̀ rẹ̀ àti èrò méjì bá wúwo tó kílógíráàmù 300 lápapọ̀, tí wọ́n sì ń sá 60 kílómítà ní wákàtí kan, agbára tó wà nínú eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 42,000 júùlù. Láti dúró, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ooru. Bí gbogbo ooru náà bá wọ inú àwo onírin tó wúwo tó kílógíráàmù kan, ìgbóná rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 90 sẹ́ńtígíréèdì lọ sókè, ní ìdádúró ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àwo náà bá ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ku ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ìgbóná yẹn yóò lé ní 110. Ẹ wá ro ti ojú ọ̀nà olókè bíi ti Ìdànrè, níbi tí awakọ̀ ti ń tẹ bíréèkì léraléra kí àwo tó rí àyè tutù. Ẹ má sì gbàgbé pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí àwo tó ti fẹ́lẹ́ fi léwu ju bí ó ti rí lójú lọ: ní òwúrọ̀ ó ń mú dáadáa, ní ìsàlẹ̀ òkè ni yóò dalẹ̀.

Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ni ó gbà pé bíréèkì iwájú máa ń da ènìyàn nù, nítorí náà ti ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tó bá já a mọ́ra lójijì lórí iyanrìn yóò ṣubú. Ṣùgbọ́n nígbà tí alùpùpù bá ń dúró, ẹrù rẹ̀ máa ń sún síwájú, iwájú ni ó sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró. Ẹni tó kọ bíréèkì iwájú sílẹ̀ ń fi ìdajì ìjánu rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, kò sì ní mọ ọjọ́ tí ó bàjẹ́.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé àwo ti tó pààrọ̀? Ìwọ̀n ni yóò sọ fún wa, nítorí pé ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń tẹ nọ́ḿbà kan sí ara àwo náà, pẹ̀lú àmì MIN TH níwájú rẹ̀. Nọ́ḿbà yẹn ni ààlà: nígbà tí àwo bá ti fẹ́lẹ́ dé ibẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Lára àwọn alùpùpù kéékèèké, àwo titun sábà máa ń nípọn tó mílímítà 4 tàbí 5, ààlà rẹ̀ sì máa ń jẹ́ mílímítà 3 àti ààbọ̀ tàbí 4. Ẹ ṣe àkíyèsí bí àlàfo náà ti kéré tó: mílímítà kan péré, tàbí ìdajì rẹ̀, ni ó wà láàárín titun àti àjókù. Rúlà ọmọ ilé ìwé kò lè wọn èyí. Irin ìwọ̀n tó ní ẹnu méjì, irú èyí tí àwọn ilé ìwé ń lò ní yàrá físíìsì, ni kí a lò, kí ó sì jẹ́ pé ibi tí pádì ń fi ara kàn gan-an ni a wọ̀n. Etí àwo kì í jẹ, nítorí náà ẹni tó bá wọn etí yóò tan ara rẹ̀ jẹ.

Ohun kejì ni yíyí. Bí ọwọ́ bíréèkì bá ń lù ọ́ níka bí ọkàn nígbà tí o bá ń dúró, ó ṣeé ṣe kí àwo ti wọ́. Gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀, so wáyà kan mọ́ fọ́ọ̀kì kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwo, kí o sì fi ọwọ́ yí táyà jẹ́jẹ́. Bí àlàfo náà bá ń ṣí tó ń pa dé, ìwọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílímítà kan ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan fi ṣe ààlà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá àwo lẹ́bi, ẹ mi táyà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún: béárìnì tó ti jẹ lè mú kí àwo tó dára jó bí ẹni pé ó wọ́. Ohun kẹta ni sísán. Ẹ wo ẹnu àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Bí ìlà bá yọ láti ihò kan lọ sí òmíràn, ẹ má ṣe gun alùpùpù náà mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ àwo.

Bí a bá sì ti mọ̀ pé àwo kú, ó yẹ kí a mọ ohun tó pa á kí a tó ra òmíràn. Bí apá kan bá fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ, kálípà ni ó ti gan, tí pádì kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí àwo bá pọ́n dúdú bí irin tó wọ iná, bíréèkì kì í tú sílẹ̀ tán lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọwọ́: bóyá píísítìnì ti dóòjé, bóyá okùn rọ́bà àtijọ́ ti wú ninú, tí òróró ń lọ tí kò lè padà. Bí ó bá ní ojú poro bí ebè oko, pádì ti jẹ tán, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń gé e, tàbí kí ó jẹ́ iyanrìn pupa ojú ọ̀nà wa ló há sáàárín wọn. Ẹni tó bá gbé àwo titun sórí kálípà tó ti gan, owó ni ó sọ sínú omi.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ọjà. Orúkọ alùpùpù nìkan kò tó. Honda kan náà, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, lè ní àwo mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Ọdún tí a kọ sínú ìwé alùpùpù náà sì lè má jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é, pàápàá bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀. Nọ́ḿbà ara férémù ni ó ń sọ òtítọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì wá nọ́ḿbà ẹ̀yà náà nínú ìwé ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ ṣe. Nọ́ḿbà yìí kì í ṣe òǹkà lásán. Gírámà ni ó ní. Nínú ti Honda, ìsọ̀rí nọ́ḿbà márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ irú ẹ̀yà tí ó jẹ́, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ń sọ irú alùpùpù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ìyókù sì ń sọ àtúnṣe tó ti bá a. Nọ́ḿbà 300 ní àárín, fún àpẹẹrẹ, ti CB750 àkọ́kọ́ ni. Ẹni tó bá ti lè tú ọ̀rọ̀ sí mọ́fíìmù kò ní rí i bí ohun tó ṣòro. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí àárín nọ́ḿbà náà bá yàtọ̀ sí ti alùpùpù yín, ẹ lè béèrè ìdí rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Bí ìwé ẹ̀yà kò bá sí, ẹ tú àwo àtijọ́, kí ẹ gbé e dání lọ sọ́jà, kí ẹ sì wọn méjèèjì lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí. Ẹ wọn ihò ńlá àárín, nítorí pé òun ni ó ń mú kí àwo dúró sí àárín gbùngbùn ẹsẹ̀; bí ó bá fi díẹ̀ tóbi jù, àwo yóò máa jó. Ẹ ka ihò bóòtì, ẹ sì wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, èyí tí ó sì ti ba ọ̀pọ̀ ìrìn àjò jẹ́: jíjìn rẹ̀. Àwọn àwo kan tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ọpọ́n. Àwọn mìíràn jìn ní àárín bí abọ́. Bí jíjìn àwo titun bá fi mílímítà méjì yàtọ̀ sí ti àtijọ́, kò ní wà ní àárín kálípà. Yóò máa fi ara ha ẹ̀gbẹ́ kan. Mẹkáníìkì tó bá ní òun yóò fi wáṣà tì í, ẹ kí i, kí ẹ sì gbé alùpùpù yín lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bákan náà ni ẹni tó bá ní kí ẹ so àwo tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ kí ó lè mú dáadáa sí i: kálípà kò ní gbà á bí a kò bá sún un, sísún un kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ igi.

Irin tí wọ́n fi ṣe é náà ṣe pàtàkì. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ilé iṣẹ́ Japan fẹ́ràn irin tí kì í dípẹtà, kí àwo lè máa dán bí ṣíbí. Àwọn ará Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ràn irin dúdú alágbẹ̀dẹ̀, èyí tí a dà sínú àwòṣe. Irin dúdú a máa dípẹtà láàárín òru kan, ṣùgbọ́n ó ń mú nínú òjò. Irin dídán kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú pádì ìgbà náà, bí òjò bá ti rọ̀, awakọ̀ máa tẹ bíréèkì, kò sì ní rí nǹkan kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ títí omi yóò fi gbẹ lójú àwo. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbi tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú àáyá méjì lórí afárá Ọ̀wẹnà kì í ṣe ohun ṣeréṣeré. Ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lu sára àwo wà lára ohun tí wọ́n fi wá ojútùú sí èyí. Pádì tuntun ni ìkejì, a ó sì dé ibẹ̀.

Nípa irin dídán, ẹ mú òòfà kékeré kan dání lọ sọ́jà. Irin tí kì í dípẹtà tí a fi ń ṣe àwo ìjánu jẹ́ irú èyí tí a lè fi iná mú le, òòfà sì máa ń gbé e. Èyí tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìkòkò àti àwo ilé ìdáná kì í le bẹ́ẹ̀, òòfà kì í sì í gbé e dáadáa. Bí àwo tí wọ́n fẹ́ tà fún yín bá ń dán tí òòfà sì ń yọ̀ lára rẹ̀, ẹ dá a padà. Kì í ṣe pé gbogbo èyí tí òòfà bá gbé ni ó dára o. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ tún wo bóyá ìwọ̀n ààlà wà lára rẹ̀, bóyá àkọlé ara páálí rẹ̀ bá nọ́ḿbà ara irin mu, bóyá ó nípọn bákan náà yíká bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́fà. Iṣẹ́ SON, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ni láti máa ṣọ́ ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò lè tó gbogbo ìsọ̀.

Ẹ̀yà alùpùpù àtijọ́ lè má sí ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó rárá. Ẹni tó bá wá a dé Gate ní Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ ní Èkó, yóò rí onírúurú. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, Nnewi ni ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Nàìjíríà nínú títa ẹ̀yà alùpùpù. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́, kí ó fi nọ́ḿbà àti gbogbo ìwọ̀n ránṣẹ́, kí ó má ṣe fi àwòrán nìkan ránṣẹ́. Ní ti tòkúnbọ̀, n kò sọ pé kí a má rà á. Àwo ojúlówó tí a lò díẹ̀, tó ṣì nípọn ju ààlà lọ dáadáa, tí kò wọ́, tí kò sán, sàn ju titun tí a kò mọ baba rẹ̀. Èyí tó ti sún mọ́ ààlà ni kí ẹ fi sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Owó tí ẹ fi rà á yóò tún jáde lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún kan.

Àwo kì í dá ṣiṣẹ́. Pádì àtijọ́ ti bá poro ara àwo àtijọ́ dọ́gba. Bí a bá gbé e sórí àwo titun, orí òkè rẹ̀ nìkan ni yóò máa kàn án. Nítorí náà pádì titun àti àwo titun ni kí ó wọlé pọ̀. Pádì pín sí oríṣi méjì pàtàkì. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n fi okùn àti lúbúlúbú oríṣiríṣi lẹ̀ pọ̀; ó rọ̀, kì í jẹ àwo púpọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ máa ń dín nínú òjò àti nínú ooru ńlá. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi lúbúlúbú bàbà àti irin sun pọ̀ nínú iná. Ó ń mú nínú òjò, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ àwo kíákíá, kò sì yẹ irin dúdú. Lójú tèmi, ẹni tó ní àwo irin dídán, tó ń gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó lásìkò òjò, kí ó ra èyí tí a fi bàbà sun, kí ó sì gbà pé àwo òun kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwo ni a lè rà ní ọjà. Bí ẹ bá ń tú pádì àtijọ́ kúrò, ẹ má ṣe fẹnu fẹ́ eruku inú kálípà. Ọ̀pọ̀ pádì ìgbà náà ní asbestos nínú, èyí tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì ju aṣọ náà nù.

Ní ti òróró, ẹ ka ìdérí másítà: DOT 3 tàbí DOT 4 ni yóò wà níbẹ̀. Òróró yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ igbó tiwa. DOT 3 titun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 205 sẹ́ńtígíréèdì. Bí ó bá ti fa omi dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, ó lè hó ní 140. Òróró tó bá hó di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì lè ti pádì: ọwọ́ bíréèkì á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, alùpùpù á sì máa lọ. Ọdún méjì sí ọdún méjì ni kí a máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì tàbí omi ọṣẹ tí àwọn kan ń dà sí i bí ọ̀nà bá há, rọ́bà ni yóò bàjẹ́.

Síso rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ha ìpẹtà kúrò lójú ibi tí àwo yóò jókòó lé, nítorí èérún ìpẹtà kan lè mú titun wọ́. Àwo titun sábà máa ń ní ọ́ìlì lára kí ó má baà dípẹtà; ẹ fi ohun tó ń gé ọ́ìlì nù ún, kí ẹ má sì fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀ mọ́. Bóòtì titun ni kí ẹ lò. Ẹ máa fún wọn ní ìfún-ǹ-dógba, láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i. Bí wọ́n bá sì ní ahọ́n irin tí a ń tẹ̀ lé wọn lórí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́dọ̀ tún sọ ti àwọn àtúnṣe kan tí a kò gbọdọ̀ gbà. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó àwo tó sán, nítorí iná yóò wọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sára àwo tí kò ní ihò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ́ àwo tó ti fẹ́lẹ́ kí ó lè dán: dídán rẹ̀ kò sọ ọ́ di nínípọn.

Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ jẹ́ onídúrọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Dúrọ́ọ̀mù náà ní ààlà, ṣùgbọ́n fífẹ̀ inú ni tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ mílímítà 110 nígbà tó wà ní titun, 111 ni ó sábà máa ń jẹ́ òpin rẹ̀. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ṣúù léraléra tí bíréèkì kò sì mú, ẹ wọn inú agolo náà.

Àwo titun kì í mú tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó gba bí ìdádúró jẹ́jẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n kí ojú pádì àti ojú àwo tó mọ ara wọn. Ibi tó tẹ́jú tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí ni kí ẹ ti ṣe é, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú bí ó bá ṣeé ṣe, láìgbé èrò, kí ẹ jẹ́ kí àwo tutù láàárín ìdádúró kan sí èkejì. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ tún fi sípánà kan àwọn bóòtì wò. Àwo àtijọ́ náà ńkọ́? Ẹ má ṣe fún àwọn tó ń ra pàǹtí irin bí ó ti wà, nítorí pé ẹlòmíràn lè fọ̀ ọ́, kí ó kùn ún, kí ó sì gbé e padà sí orí àtẹ. Ẹ fi ayùn irin gé e sí méjì kí ó tó kúrò nílé yín.